Ẹ Tún Ìwé Sójà Ṣe Kí Ẹlẹ́rìí Tó Tán

Bàbá kan wà ní àdúgbò wa ní Ìsọlọ̀, Bàbá Sójà ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí iná ò sí, wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n sì gbé agolo Bournvita kan tó ti dípẹtà jáde. Ańkáṣíìfù ni wọ́n fi di ohun tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú u, mẹ́dàlì mẹ́ta ló bọ́ sórí tábìlì. Ọ̀kan nínú wọn ní rìbọ́ọ̀nù aláwọ̀ búlúù, ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tí wọ́n fún wọn ní Lẹ́bánónì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú ìwé ìfẹ̀yìntì wọn, èyí tí wọ́n ti ká sí mẹ́rin títí tó fi ya lójú ibi tí wọ́n ti ń ká a. Wọ́n fi ìka tọ ìlà tí wọ́n kọ àmì ẹ̀yẹ sí. Méjì ló wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ò sí.

“Ó wà lọ́wọ́ mi, kò sí nínú ìwé. Ta ni wọ́n máa gbà gbọ́ nínú àwa méjèèjì?”

Láti ọdún 1978 títí di 1983 ni Nàìjíríà fi ń kó sójà lọ sí Lẹ́bánónì lábẹ́ àsíá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ẹni tó bá lo 90 ọjọ́ níbẹ̀ ti ní ẹ̀tọ́ sí mẹ́dàlì yẹn. Oṣù mẹ́fà ni Bàbá lò. Ohun tó yẹ kí akọ̀wé ikọ̀ wọn ṣe ni pé kó tẹ̀ ẹ́ sínú ohun tí àwọn sójà ń pè ní Part Two Order, ìwé tí wọ́n ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí ológun sí, ì báà jẹ́ ìyàwó tó fẹ́, ọmọ tó bí, ipò tó gòkè sí tàbí mẹ́dàlì tó gbà. Ibẹ̀ ni yóò gbà dé inú fáìlì rẹ̀. Bóyá akọ̀wé gbàgbé ni, bóyá wọ́n ti gbé òun náà lọ sí ibòmíràn kó tó ráyè ṣe é, kò sẹ́ni tó lè sọ mọ́.

Bàbá kọ lẹ́tà, wọ́n sì fẹsẹ̀ ara wọn gbé e lọ sí ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ. Ọmọkùnrin tó jókòó sídìí tábìlì bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi mẹ́dàlì ṣe lọ́jọ́ orí yìí, ṣé wọ́n fẹ́ sè é jẹ ni. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ní kí wọ́n lọ mú ẹni méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ wá jẹ́rìí. Bàbá ka àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lórí ìka fún mi. Eléyìí kú sí Sàró. Eléyìí, àtọ̀gbẹ ló pa á. Eléyìí lọ sí Ìjẹ̀bú, ẹnikẹ́ni ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù tí wọ́n mọ ibi tó wà, ní Òǹdó, ojú rẹ̀ ò sì ríran mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ tìtorí rẹ̀ kì yín nílọ̀ nìyẹn, ẹ̀yin ará Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ní bàbá, ọkọ tàbí ẹ̀gbọ́n tó wọ káàkí rí. Ìwé tó ṣìṣe kò ní pariwo pé òun ṣìṣe. Àwọn tó wà níbẹ̀ ló lè sọ ọ́, àwọn yẹn sì ń kú lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo ti jẹun níbi ìsìnkú ológun tó pọ̀ nílùú yìí. Kánópì á dí òpópónà, aṣọ ẹbí á tó oríṣi mẹ́ta, ìwé ètò ìsìnkú á máa dán bíi dígí, àwòrán olóògbé nínú káàkí á sì wà lójú ìwé àkọ́kọ́. Ẹ wá ṣí i, kí ẹ ka ìtàn ìgbésí ayé wọn. Wọ́n á ní Bàbá jagun níbi púpọ̀. Ibi púpọ̀ wo? Ọdún wo? Ikọ̀ wo? Àwọn ọmọ á máa wo ojú ara wọn. Owó aṣọ ẹbí ẹnì kan ṣoṣo nínú yín ì bá gbé Bàbá dé Lọ́kọ́ja, níbi tí ìwé àwọn sójà orí ilẹ̀ wà, kó sì gbé wọn padà, nígbà tí ẹsẹ̀ wọn ṣì lè rìn.

Ti orúkọ tilẹ̀ burú ju ti mẹ́dàlì lọ. Láyé òyìnbó, bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá lọ wọṣẹ́ ológun, ọ̀pọ̀ ìgbà ni akọ̀wé á bi í pé ìlú wo lo ti wá, tí á sì fi orúkọ ìlú yẹn rọ́pò orúkọ bàbá rẹ̀. Làmídì ọmọ Àkànní á wá di Làmídì Ìbàdàn. Bó bá kú sójú ogun, agbo ilé wo ni wọ́n máa gbé ìròyìn lọ? Ìbàdàn mà tóbi o! Lónìí ẹ̀wẹ̀, lẹ́tà kan ṣoṣo tó yàtọ̀ láàárín NIN àti ìwé ológun tó láti dá opó sójà dúró lórí ìlà láti àárọ̀ dalẹ́.

Ẹ gbọ́ ti Isaac Fádóyèbọ̀, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun ní 1942, nígbà Ogun Hítílà. Wọ́n kó wọn lọ sí Bọ́mà. Ní oṣù Kẹta ọdún 1944, àwọn ará Japan ká wọn mọ́ ní àfonífojì Kaladan, wọ́n sì yìnbọn fún un lẹ́sẹ̀ àti níkùn. Òun àti ọmọ Sàró kan, David Kargbo, ló ṣẹ́kù sínú igbó. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan níbẹ̀, Shuyiman, ló ń gbé oúnjẹ wá fún wọn, tó sì gbé wọn pa mọ́, títí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi rí wọn ní oṣù Kejìlá. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko! Gbogbo àkókò yẹn, ẹni tó sọnù ni Isaac lójú àwọn ọ̀gá rẹ̀. Kí ló wá mú ká mọ ìtàn yìí? Fádóyèbọ̀ ló jókòó, tó kọ ọ́ fúnra rẹ̀, ohun tó kọ sì di ìwé ní 1999. Ìwé yẹn ni oníròyìn Barnaby Phillips rí tó fi wá a kàn, tó sì gbé lẹ́tà rẹ̀ lọ fún àwọn ọmọ Shuyiman ní 2011. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Fádóyèbọ̀ kú. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó lọ sí Bọ́mà. Ẹ ka iye àwọn tó kọ ìwé nínú wọn fún mi.

Bí ẹ bá ń dúró de ìjọba, ẹ fetí sí èyí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021 ni àjọ tó ń tọ́jú ibojì àwọn ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ tọrọ àforíjì. Ìwádìí tiwọn fúnra wọn ló fi hàn pé, lára àwọn tó bá Ogun Àgbáyé Kìíní lọ, ó kéré tán 116,000, ó sì ṣeé ṣe kó tó 350,000, ni wọn ò kọ orúkọ wọn síbì kan. Ará Íjíbítì àti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọgọ́rùn-ún ọdún kọjá kí wọ́n tó ní “ẹ jọ̀ọ́”. Amẹ́ríkà tó mọ ìwé tọ́jú ńkọ́? Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 1973, iná jó ilé tí wọ́n kó ìwé àwọn ológun sí ní St. Louis, fáìlì tó tó mílíọ̀nù 16 sí 18 ló bá a lọ. Ìwé owó oṣù àti ẹ̀dà tó wà nínú àpótí àwọn ènìyàn nílé ni wọ́n fi ń tún un tò.

Àwa ará Ìsọlọ̀ kọ́ ló yẹ kí wọ́n máa sọ èyí fún. A mọ ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, nígbà tí àdó olóró bú gbàmù ní àgọ́ ológun Ìkẹjà, tí àwọn tó ń sá lọ lálẹ́ ọjọ́ náà kó sínú kánààlì Òkè-Afá. Ó lé ní 1,000 ènìyàn tó kú. Ẹ lọ sí Òkè-Afá níbi tí a sin wọ́n pọ̀ sí, kí ẹ wá bi ara yín pé orúkọ mélòó lẹ mọ̀.

Ẹnì kan á ní ìwé ìjọba kì í yí padà. Irọ́ ni. Ní ọdún 2000, Ààrẹ Ọbásanjọ́ sọ ìlékúrò lẹ́nu iṣẹ́ àwọn ológun tó jà fún Bìáfírà di ìfẹ̀yìntì. Ó ń yí padà, ṣùgbọ́n ẹni tó ti kú ní 1999 ò gbọ́.

Mo ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbowó lọ́wọ́ àgbàlagbà, tí ẹ ní ẹ mọ ọ̀gá kan ní Àbújá. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Bákan náà ni ẹ̀yin tí ẹ ń ra mẹ́dàlì lọ́jà, tí ẹ ń so ó máyà ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, ọjọ́ ìrántí àwọn ológun, tí ẹ jókòó sí ìlà iwájú nígbà tí Gómìnà ń tú ẹyẹlé sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ba ọ̀rọ̀ jẹ́ fún Bàbá Sójà. Nítorí yín ni wọ́n ṣe ń ní kí olóòótọ́ lọ mú ẹlẹ́rìí méjì wá.

Òṣòdì níbí ni NAFRC wà, níbi tí ológun tó ń múra àtifẹ̀yìntì ti ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kó tó bọ́ káàkí. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, ìyẹ̀fun pákó àti ẹ̀rọ ìránṣọ kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ ronú sí. Ẹ béèrè ohun tó wà nínú fáìlì yín, kí ẹ kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo orúkọ, ọjọ́ ìbí, orúkọ ajogún, gbogbo ibi tí wọ́n rán yín lọ àti gbogbo mẹ́dàlì. Èyí tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà lé e lórí nígbà tí ọ̀gá yín ṣì mọ̀ yín lójú. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì, ọ̀kan fún yín, ọ̀kan fún ìyàwó tàbí ọmọ tó ṣeé fọkàn tán. Kí ẹ sì gba nọ́ńbà àwọn tẹ́ ẹ jọ sùn sínú kòtò.

Bàbá Sójà ti rí nọ́ńbà ọ̀rẹ́ wọn ní Òǹdó. Ojú rẹ̀ ni kò ríran, ẹnu rẹ̀ yá gágá, ó sì ti gbà pé òun á bá wa dé ilé ẹjọ́ lọ búra. Ọmọ mi ni yóò wa ọkọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. A ó gbé agolo Bournvita náà dání.