Aṣọ Kíláàbù Ọrùn Mi Kò Sọ Mí Di Ọ̀dàlẹ̀

Ní oṣù kìíní ọdún 2024, nígbà tí ìdíje ife ilẹ̀ Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ní Côte d'Ivoire, mo wọ aṣọ pupa Arsenal mi lọ sí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tó wà ládùúgbò wa n'Íbàdàn. Nàìjíríà àti Equatorial Guinea ló fẹ́ wàákò. Bẹ́ǹṣì ti kún. Mo ń wá ibi tí mo máa fìdí lé nígbà tí ẹ̀gbọ́n kan tí wọ́n ti jókòó síwájú wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní: "Ìwọ náà wá wo Nàìjíríà? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ta ọkàn yín fún òyìnbó! Lọ dúró de Arsenal ẹ." Wọn ò sún fún mi. Mo kí wọn, mo lọ fara ti ògiri, orí ìdúró ni mo sì wà títí tí bọ́ọ̀lù náà fi parí sí ọ̀mì, 1 sí 1.

Èsì tí n kò fọ̀ lọ́jọ́ yẹn rèé. Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n yẹn nìkan ni mo ń dá lóhùn, torí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ti di ohun tí tọmọdé tàgbà gbà: sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ń sọ ọ́, awakọ̀ ń sọ ọ́, onígbàjámọ̀ ń sọ ọ́ bó ṣe ń gẹ irun. Wọ́n ní ẹni tó bá ń tẹ̀ lé kíláàbù ilẹ̀ òkèèrè ti bù nínú ìfẹ́ tó yẹ kó ní sí ilẹ̀ rẹ̀, bí ẹni pé iṣu ni ìfẹ́, tí a bá ti gé e fún Arsenal, kò ní tó Nàìjíríà jẹ mọ́. Wọ́n ní ojú tí a fi ń wo kíláàbù, a ò lè fi wo ikọ̀ orílẹ̀-èdè ká rí nǹkan gidi. Tí ìdíje bá dé, àlejò ni wọ́n kà wá sí. Irọ́ ni, irọ́ tó sì ń ṣe ìpalára ni.

Bàbá mi kò mọ Arsenal. IICC Shooting Stars ni tiwọn. "Up Sootin!" ni wọ́n fi ń kí àwọn ọ̀rẹ́ wọn láàárọ̀ ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù bá wà, wọ́n á sì ti ṣọ́ọ̀bù pa lọ́sàn-án gangan kí wọ́n lè ráyè dé Liberty Stadium. Wọ́n wà lára àwọn tó jó yíká Ìbàdàn ní ọdún 1976 nígbà tí IICC gba African Cup Winners' Cup, tó di kíláàbù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife nílẹ̀ Áfíríkà. Ṣé ìfẹ́ yẹn wá gba Nàìjíríà lọ́kàn wọn? Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980, ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè l'Ékòó, Nàìjíríà na Algeria ní 3 sí 0, a sì gba ife ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ta ló jẹ góòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí jẹ méjì, Muda Lawal jẹ ọ̀kan. Níbo ni àwọn méjèèjì ti ń gbá bọ́ọ̀lù? IICC Shooting Stars. Àwọn tí bàbá mi ń wò ní Liberty, tí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń yí ẹsẹ̀ padà, tí wọ́n mọ ibi tí bọ́ọ̀lù máa gbà kó tó kúrò lẹ́sẹ̀ wọn, ni wọ́n rí l'Ékòó lọ́jọ́ náà nínú aṣọ àwọ̀ ewé. Títí wọ́n fi kú, tí wọ́n bá ń sọ ìtàn ife yẹn, kíláàbù ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tó pè wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀.

Mo mọ ohun tí wọ́n á fi dá mi lóhùn. Wọ́n á ní, "IICC, tiwa ni, Arsenal, ti òyìnbó ni." Ó dáa. Ta ló mú wa débẹ̀?

Ní ọdún 1995, Finidi George àti Nwankwo Kanu wà nínú ikọ̀ Ajax tó na Milan ní Vienna, tó gba Champions League. Lọ́dún kan náà, Daniel Amokachi wà ní Everton tó gba FA Cup. Ní ọdún 1996, ní ìdíje Atlanta, Kanu àti Amokachi wà nínú ikọ̀ Nàìjíríà tó na Brazil ní 4 sí 3, tó tún na Argentina ní 3 sí 2, tí a sì gba wúrà Òlíńpíìkì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí àìsàn ọkàn lára Kanu. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, gbogbo Nàìjíríà gbàdúrà, ó sì padà sórí pápá. Ní ọdún 1999 ló dé Arsenal. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, Chelsea ti ń na Arsenal ní 2 sí 0 nílé wọn ní Stamford Bridge, bọ́ọ̀lù ti ń lọ sópin, ni Kanu bá jẹ góòlù mẹ́ta láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọmọdé ni mí nígbà náà. Ohun tí mo rí ni ọmọ Nàìjíríà kan tí wọ́n ní ọkàn rẹ̀ kò ní jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù mọ́, tó ń sáré káàkiri tó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ọjọ́ yẹn ni mo di ọmọ Arsenal. Ẹ sọ fún mi, ọkàn ta ni mo tà, ta ni mo sì tà á fún?

Kì í ṣe èmi nìkan. Nígbà tí Jay-Jay Okocha wà ní Bolton, láti ọdún 2002 sí 2006, gbogbo wa di ọmọ Bolton. Nígbà tí John Obi Mikel dé Chelsea ní 2006, ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kún fún aṣọ búlúù. Àwọn ọmọ Super Eagles gan-an ló fà wá lọ́wọ́ wọ ilé àwọn kíláàbù yìí. Pé Kanu ti kúrò ní Arsenal láti ọdún 2004 tí mo ṣì wà níbẹ̀ kò yí nǹkan padà; ẹni tó ti jẹun pẹ́ nínú ilé kan kì í tètè gbàgbé ọ̀nà ibẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ojú. Wọ́n ní ojú kíláàbù kò lè rí ikọ̀ orílẹ̀-èdè dáadáa. Èmi ní òun gan-an ló ń rí i. Alex Iwobi ni mo máa fi ṣe ẹ̀rí, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń dùn mí.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 2024, ní Ebimpé lẹ́bàá Abidjan, a kojú Côte d'Ivoire nínú àṣekágbá. William Troost-Ekong fi orí kan góòlù wọlé fún wa kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí. Franck Kessié dá a padà. Sébastien Haller, tí àìsàn jẹjẹrẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ bọ́ọ̀lù ní ọdún méjì ṣáájú, jẹ èkejì ní ìṣẹ́jú 81. Ife lọ. Kò pẹ́ tí èébú fi bo Iwobi lórí íntánẹ́ẹ̀tì débi pé ó yọ àwọn àwòrán rẹ̀ kúrò lórí Instagram. Ahmed Musa tó jẹ́ balógun ikọ̀ náà nígbà náà ní láti jáde sọ̀rọ̀, kó bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n dẹwọ́.

Ẹ bi ẹni tó ń wo Fulham ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ohun tó rí. Á sọ fún yín pé ní Fulham nígbà náà, apá iwájú ni Iwobi ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà tàbí lẹ́yìn ẹni tó ń jẹ góòlù. Àwọn mìíràn ló ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún un. Ní Côte d'Ivoire, akọ́nimọ̀ọ́gbá José Peseiro to ẹni mẹ́ta sẹ́yìn, ó fi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sílẹ̀ fún àwọn tó ń sáré lọ sáré bọ̀, ó wá ku Iwobi àti Frank Onyeka nìkan láàárín. Ẹni méjì ń ṣe iṣẹ́ ẹni mẹ́ta. Ìlànà yìí ló jẹ́ kó jẹ́ pé góòlù méjì péré ni wọ́n jẹ wá nínú bọ́ọ̀lù mẹ́fà tí a gbá kí a tó dé àṣekágbá. Òun náà ló jẹ́ kí àárín wa ṣófo nígbà tí àwọn onílé gbá bọ́ọ̀lù mọ́ wa lọ́rùn. Nígbà tí ife ń bọ̀, kò sí ẹni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ Iwobi fún iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Nígbà tí ife lọ, òun nìkan ni wọ́n rí.

Ẹni tó ń wá wo bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì kò lè mọ èyí. N kò fi bú u. Àmọ́ kó má sọ fún mi pé òun fẹ́ràn àwọn ọmọ wọ̀nyí jù mí lọ. Èmi ń wò wọ́n lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀ sí wọn lára ní ìlú òyìnbó, lọ́jọ́ tí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, lọ́jọ́ tí wọ́n ń ti ìpalára bọ̀. Mo mọ̀ pé akọ́nimọ̀ọ́gbá kíláàbù ń rí àwọn ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó sì lè ra ẹlòmíràn tí ẹnì kan kò bá ṣe dáadáa. Ti orílẹ̀-èdè, ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n ń yá a, kò sì sí ọjà tó lè ná. Ẹni tó mọ èyí kì í retí pé kí Super Eagles gbá bọ́ọ̀lù bí ikọ̀ tó ti wà pọ̀ láti ọdún mẹ́ta, sùúrù rẹ̀ sì máa ń gùn.

Ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí n kò ní bò mọ́lẹ̀. Àwọn kan nínú wa máa ń gbàdúrà kí wọ́n má pe agbábọ́ọ̀lù kíláàbù wọn fún ife ilẹ̀ Áfíríkà, torí oṣù kìíní ló sábà máa ń bọ́ sí, nígbà tí líìgì Yúróòpù ń gbóná. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ mi, mo sì ti bá wọn jà lé e lórí. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti gbàdúrà bẹ́ẹ̀ rí nípa ife Yúróòpù. Wọn kò ṣe é rí. Nígbà tí wọ́n gbé ìdíje ọdún 2019 ní Íjíbítì sí oṣù kẹfà àti ìkeje, tí líìgì ti parí, n kò gbọ́ àdúrà náà lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ohun tó wọ̀ wọ́n lọ́kàn ni ohùn àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ òkèèrè tí ń pe ife wa ní ìdíwọ́, tí wọ́n sì gbọ́ títí tó fi di ohùn tiwọn. Àìka ara ẹni sí ni, a sì gbọ́dọ̀ fà á tu láàárín ara wa. Ẹ má ṣe fi orúkọ ìfẹ́ kíláàbù pè é.

Torí mo ti rí ohun tí ìfẹ́ kíláàbù lè ṣe. Ní oṣù keje ọdún 2021, ní Wembley, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, Bukayo Saka, ló gbá pẹnáritì tó kẹ́yìn fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú àṣekágbá ife Yúróòpù. Aṣọ́lé Ítálì mú un. Lálẹ́ ọjọ́ náà, èébú ẹlẹ́yàmẹ̀yà dà lé òun, Marcus Rashford àti Jadon Sancho lórí. Ta ló gbé ọmọ náà dìde? Lẹ́tà rọ́ wọ Arsenal, wọ́n sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri títí ògiri fi kún, kó lè kà wọ́n nígbà tó bá dé. Ní oṣù kẹjọ, Arsenal lọ gbá bọ́ọ̀lù ìgbáradì nílé Tottenham. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó wà láàárín Arsenal àti Tottenham. Nígbà tí Saka wọ orí pápá, àwọn ọmọ Tottenham pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n sì gbé àsíá tó ní gbogbo àríwá London wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ní ojú kíláàbù ń fọ́ èèyàn lójú, kí ni wọ́n fẹ́ sọ sí èyí?

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n. Ní ọjọ́ 7 oṣù kejì, ọjọ́ tí a kojú Gúúsù Áfíríkà ní Bouaké, mo tún lọ, aṣọ pupa yẹn náà ni mo wọ̀, ògiri yẹn náà ni mo fara tì. Troost-Ekong gbá pẹnáritì wọlé fún wa. Victor Osimhen jẹ èkejì, a ti ń fò sókè, ni rẹfirí bá fagi lé e, ó sì fi pẹnáritì fún Gúúsù Áfíríkà dípò rẹ̀. Teboho Mokoena gbá a wọlé. Ó di pẹnáritì àgbápinyà. Ilé ìwòran dákẹ́ rọ́rọ́. Stanley Nwabali rìn lọ sáàárín òpó méjì, ó mú bọ́ọ̀lù Mokoena. Lẹ́yìn náà, ó tún mú òmíràn. Kelechi Iheanacho gbá èyí tó parí ẹjọ́, a borí ní 4 sí 2.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀ díẹ̀, ẹ̀gbọ́n yí ọrùn padà, òógùn bo ojú wọn. Wọ́n ní, "Àbúrò, níbo ni wọ́n ti rí aṣọ́lé yìí? Kíláàbù wo ló wà?"

Mo ní, "Chippa United ni, ẹ̀gbọ́n. Gúúsù Áfíríkà níbẹ̀ gan-an ló ti ń jẹun. Líìgì kan náà ni òun àti Mokoena wà."

Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n sún lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ní kí n wá jókòó.