Kọ̀ǹpútà Iṣẹ́ Tí Olè Gbé: Ta Ni Yóò San Án?

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn ní ẹ̀ka wa níhìn-ín ní Ẹdẹ láti bí oṣù mélòó kan, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ síta kí gbogbo yín lè mọ bó ṣe jẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, akọ̀wé sítọ́ọ̀, ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká lé lọ́wọ́ pé kó gbé e lọ sí Òṣogbo láti fi ìṣirò ọjà wé ti ọ́fíìsì ibẹ̀. Wọn kò fún un ní ọkọ̀, wọn kò fún un ní ẹni tí yóò tẹ̀ lé e. Ó wọ ọkọ̀ èrò bí gbogbo wa ti ń wọ̀ ọ́. Nígbà tí yóò fi sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì, báàgì tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ti di àwátì. Ẹ̀rù bà á, ó dákẹ́ fún odindi ọjọ́ méjì kó tó lè sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi dá a lóhùn: a ó máa yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ títí yóò fi pé. Wọ́n sì yọ ti oṣù àkọ́kọ́ lóòótọ́.

A fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé òfin kò fún wọn láṣẹ bẹ́ẹ̀. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, tó ti wà láti ọdún 1974, sọ ní ìpín 5 pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ owó ìtanràn nínú owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí pé àìbìkítà rẹ̀ ló fa òfò, wọ́n lè yọ ìwọ̀n tó bójú mu, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lórí ìwé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ìpín kan náà sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n bá yọ nínú oṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Ìwé àṣẹ yẹn dà? A béèrè rẹ̀, wọn kò rí i mú jáde. (Ẹni tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ àti akọ̀wé ni òfin yìí wà fún, máníjà ní tirẹ̀ yóò wo ìwé àdéhùn rẹ̀.) A kì í fi ìyà olè jẹ ẹni tí olè jà.

Ní ti bí kọ̀ǹpútà náà ṣe padà wá, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Àwa la mú akọ̀wé yìí lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ohun àkọ́kọ́ tí ọlọ́pàá béèrè ni nọ́ńbà tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà tẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Akọ̀wé kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi wá a ní ọ́fíìsì kí wọ́n tó rí i lára páálí tí ẹ̀rọ náà bá wá, tí ẹnì kan ń kó bébà sí. Àwọn dírébà wa ló pín nọ́ńbà yẹn káàkiri gáréèjì àti lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹnì kan gbé e lọ bá alátùn-únṣe kan ní Òṣogbo pé kó bá òun ṣí i, òun ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ìṣínà rẹ̀. Alátùn-únṣe náà dojú ẹ̀rọ dé, ó rí nọ́ńbà, ó pe àwọn ọlọ́pàá. Ó dára tó ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó bá gba ohun tó mọ̀ pé wọ́n jí, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 14.

Àwọn kan ń sọ pé kọ̀ǹpútà òde òní lè fọhùn fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni, ètò kan wà nínú ti Windows àti ti Apple tó lè fi ibi tí ẹ̀rọ wà hàn lórí àwòrán ilẹ̀. Ṣùgbọ́n àfi kí wọ́n ti tan ètò náà kí olè tó dé, kí ẹ̀rọ Windows sì wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ olè. Ibi tó bá sì tọ́ka sí lè jẹ́ àdúgbò lásán, kó má jẹ́ ojúlé kan pàtó, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó èrò lọ já ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Ọlọ́pàá ni kí ẹ mú un tọ̀. Ta ló wá yẹ kó tan ètò yìí? Ọ́fíìsì ni, kì í ṣe akọ̀wé sítọ́ọ̀. Ó yà wá lẹ́nu pé ilé iṣẹ́ tó so ẹ̀rọ atọpinpin mọ́ ọkọ̀ akẹ́rù láti mọ ibi tí dírébà ti dúró jẹ ẹ̀bà kò ráyè tan ti kọ̀ǹpútà tí gbogbo ìṣirò wọn wà nínú rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún ọdún 2006, olè fọ́ ilé òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní Maryland, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká àti ẹ̀rọ ìpamọ́ kan tó ní orúkọ àti àkọsílẹ̀ àwọn ológun àti ajagunfẹ̀yìntì tó tó mílíọ̀nù 26.5. Òṣìṣẹ́ náà sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀gá pátápátá kò gbọ́ títí di ọjọ́ 16, ará ìlú kò gbọ́ títí di ọjọ́ 22. Síbẹ̀, òṣìṣẹ́ yìí ni wọ́n kọ́kọ́ na ìka sí pé kò gba àṣẹ, kó tó di pé ìwé jáde tó fi hàn pé wọ́n ti fọwọ́ sí i tẹ́lẹ̀ kó máa lo irinṣẹ́ iṣẹ́ nílé. Wọ́n kéde ẹ̀bùn dọ́là 50,000, nígbà tó sì di ìparí oṣù kẹfà, ẹnì kan gbé ẹ̀rọ náà wá fún àwọn agbófinró. Ní ọdún 2009, ìjọba gbà láti san mílíọ̀nù 20 dọ́là láti fi yanjú ẹjọ́ tí àwọn ajagunfẹ̀yìntì pè. Ìjọba ló san án o. Ìwé ló jẹ́rìí fún òṣìṣẹ́ yẹn pé wọ́n fọwọ́ sí iṣẹ́ ilé, ẹ fi sọ́kàn.

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá gbé kọ̀ǹpútà fún, kó gba ìwé tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí rẹ̀ àti ìdí tó fi ń gbé e jáde, kó ya àwòrán rẹ̀ sínú fóònù. Bí olè bá gbé e, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì sọ fún akọ̀wé ẹ̀ka yìí pẹ̀lú. Ọjọ́ méjì tí akọ̀wé wa fi dákẹ́ ni wọ́n ń fi bá a jà títí di ìsinsìnyí, a kò sì lè sọ pé kò jẹ̀bi lórí ìyẹn.

A tún ń wo nǹkan mìíràn. Ẹ̀rọ tó lè wá olè rí lè wá àwa náà rí nílé lọ́jọ́ Àìkú. Òfin ààbò àkọsílẹ̀ ti ọdún 2023 sọ pé kí ẹni tó bá ń gba ìròyìn nípa ènìyàn sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Kí àwọn ọ̀gá kọ ọ́ sílẹ̀, kí a fọwọ́ sí i.

Kọ̀ǹpútà náà ti wà lórí tábìlì ní ọ́fíìsì báyìí, wọ́n ń fi í ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Owó oṣù kan tí wọ́n yọ kò tíì padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín. A ti kọ̀wé, ẹ̀dà rẹ̀ sì ti lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Bí a kò bá rí owó náà nínú ti oṣù tó ń bọ̀, a ó pe gbogbo ẹ̀ka sí ìpàdé.