Ọkọ̀ Àlòkù Kò Gbọ́dọ̀ Mu Epo Àlòkù

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gba ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kọjá ní Ògèrè yóò rí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n tò lọ súà bí agbo màlúù. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ní ilẹ̀ òkèèrè kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sọ́dọ̀ wa. Àwọn ni wọ́n ń gbé tòmátì àti àlùbọ́sà láti òkè Ọya wá sí Mile 12. Àwọn ni wọ́n ń kó sìmẹ́ńtì jáde ní Èwekorò. Àwọn náà ni wọ́n ń gbé kòkó Oǹdó lọ sí èbúté. Kò sí ìdílé kan nínú wa tí kò jẹ nínú iṣẹ́ wọn. Nítorí náà, nígbà tí a bá rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí ó dákú sí àárín ọ̀nà, tí wọ́n já ewé sí ẹ̀yìn rẹ̀ fún àmì, kí a má ṣe rò pé ọ̀ràn ẹni tí ó ni ín nìkan ni. Ọkọ̀ tí ó dákú lóru ti rán ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò tí kò mọ nǹkan kan sí ọ̀run.

Ohun tí ó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí ni ìrírí olùkọ́ àgbà kan tí a mọ̀ dáadáa. Lẹ́yìn ọdún 35 nídìí iṣẹ́ tíṣà, ó gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ó sì fi ra tírélà àlòkù kan. Ní ọjọ́ tí ó rà á, ẹ́ńjìnnì náà ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kò sì rú èéfín. Kò tó oṣù méjì tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ epo. Mẹkáníìkì kan sọ fún un pé inú ẹ́ńjìnnì ti dọ̀tí. Ó da oògùn ìfọnú sí i, ó fi epo dísẹ́ẹ̀lì ṣàn án, ó ní kí awakọ̀ máa lọ. Ní ọjọ́ kẹta, iná pupa tí í kìlọ̀ pé epo kò gòkè mọ́ tàn. Kí awakọ̀ tó rí ibi yà sí, ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì. Ìgbà tí wọ́n tú u ni wọ́n rí i pé ẹrẹ̀ dúdú tí oògùn náà ṣí kúrò lára irin ti lọ dí ojú asẹ́ tí epo ń gbà wọlé. Báyìí ni iṣẹ́ ọdún 35 ṣe di irin tútù lábẹ́ igi máńgòrò.

Ẹ jẹ́ kí a la ọ̀rọ̀ náà yé ara wa. Epo ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ohun tí ń mú irin yọ̀ nìkan. Ó ń gbé ooru kúrò, kò jẹ́ kí irin dípẹtà, ó sì ń fọ inú ẹ́ńjìnnì bí ọkọ̀ ti ń rìn. Àwọn tí ń ṣe epo náà ti po èròjà mọ́ ọn kí wọ́n tó dì í sínú gálọ́ọ̀nù. Èròjà kan dà bí ọṣẹ, ó ń fọ ìdọ̀tí kúrò lára irin. Èkejì ń di èérí èéfín mú ní wíńníwíńní, kò jẹ́ kí ó ṣù jọ. Ẹ̀kẹta, tí a fi síǹkì ṣe, ń dáàbò bo irin kí ó má baà họ ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá ra epo rere, ó ti ra oògùn ìfọnú pẹ̀lú rẹ̀.

Ìdí nìyí tí epo ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì fi í tètè dúdú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi dúdú yìí bú epo, ṣùgbọ́n ẹ̀rí iṣẹ́ ni. Omi tí a fi fọ aṣọ oko, bí ó bá ṣì mọ́ gaara, a jẹ́ pé aṣọ kò tíì mọ́. Ibi tí ewu wà ni pé epo ní ìwọ̀n ẹrù tí ó lè gbé. Bí ooru bá ti sè é pẹ́ jù, bí omi àti epo dísẹ́ẹ̀lì tí kò jó tán bá ti pò mọ́ ọn, yóò sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ sára irin, ẹrù náà yóò sì di ẹrẹ̀. A sì gbọ́dọ̀ rántí pé kì í ṣe ìrìn nìkan ni ó ń gbó epo. Ọkọ̀ tí ó tò sí ọ̀nà Àpápá fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìpa ẹ́ńjìnnì, aago kìlómítà rẹ̀ kò yí, ṣùgbọ́n epo rẹ̀ ń gbó.

Nígbà náà, kí ni ti àwọn oògùn inú ìgò tí wọ́n ń polówó ní gáréèjì gbogbo? A kò sọ pé ẹ̀tàn ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí olúkúlùkù mọ ohun tí ó ń rà. Èyí tí a ń dà sínú táǹkì dísẹ́ẹ̀lì lè fọ ẹnu ibi tí epo ń gbà fọ́n, ṣùgbọ́n kò dé ibi tí ẹrẹ̀ wà. Èyí tí ń mú epo ki a máa pa ariwo àti èéfín mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Òun ni àwọn oníjìbìtì ń dà sí ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ tà, kí olùrà má baà gbọ́ ìkérora rẹ̀. Èyí tí ń fọ inú ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan náà kò burú fún ẹ́ńjìnnì tí a ti ń tọ́jú bọ̀, ṣùgbọ́n nínú ẹ́ńjìnnì tí ẹrẹ̀ ti kún, ó lè ṣe bí ó ti ṣe fún olùkọ́ wa. Kò sì sí èyí nínú wọn tí í wo bẹ́árìn tí ó ti jẹ sàn, tàbí kí ó dí ihò tí omi rẹdíétọ̀ ń gbà bọ́ sínú epo. Ẹni tí ó bá ń ra ìgò, tí kò pààrọ̀ epo àti fílítà, ó ń fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá ni.

Àwọn baba wa sọ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀nà ẹ̀sọ̀ nìyí fún ẹni tí ó bá ra ọkọ̀ àlòkù. Kí ó tó sanwó, kí ó rí i pé wọ́n tan ẹ́ńjìnnì náà nígbà tí ó tutù, kí ó sì ṣí ìdérí ibi tí a ń da epo sí wò bóyá ẹrẹ̀ wà níbẹ̀. Nígbà tí ó bá rà á, kí ó da epo àtijọ́ nù nígbà tí ó ṣì gbóná, kí ó fi fílítà tuntun sí i, kí ó sì da epo rere irú èyí tí ìwé ọkọ̀ náà pè fún. Lẹ́yìn nǹkan bí kìlómítà 2,000, kí ó tún pààrọ̀ epo àti fílítà. Kí ó ya fílítà àtijọ́ wò, bí irin wíńníwíńní tí ń dán bá wà nínú rẹ̀, kí ó tètè pe ẹni tí ó mọṣẹ́. Bí ó bá ṣe èyí ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ọṣẹ inú epo yóò bó ẹrẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Nígbà ọyẹ́, kí ó má gbàgbé fílítà afẹ́fẹ́, nítorí eruku ń lọ irin bí ọlọ.

Wọ́n lè wí pé owó ńkọ́? Òtítọ́ ni pé tírélà ńlá a máa mu ju lítà 30 lọ lẹ́ẹ̀kan, epo kò sì pọ́ọ́kú. Ṣùgbọ́n kí wọ́n lọ béèrè iye tí ẹ́ńjìnnì kan jẹ́ ní Ládípọ̀, kí wọ́n tó sọ pé epo wọ́n.

Epo ayédèrú ni ọ̀tá kejì. Àwọn kan wà tí ń ṣa epo tí a ti dà nù, tí wọ́n ń sẹ́ ẹ, tí wọ́n sì ń dì í padà sínú gálọ́ọ̀nù tí ó ní orúkọ rere lára. Láti ọdún 1971 ni ìjọba ti dá àjọ SON sílẹ̀ láti máa ṣọ́ irú nǹkan báyìí. A rọ àjọ náà kí ó má ṣe mọ sí èbúté nìkan, kí ó máa wọ inú ọjà àti gáréèjì. Kí olùrà náà kọ́ láti ka ara gálọ́ọ̀nù. Lẹ́tà C ni ti dísẹ́ẹ̀lì, S ni ti pẹtiróòlù. CF-4 jáde ní 1990, CI-4 ní 2002, CK-4 ní 2016. Nínú 15W-40, 40 ń sọ bí epo ṣe ki tó nígbà tí ó gbóná. Kí ẹni tí ó bá sì da epo àtijọ́ nù fọ́ gálọ́ọ̀nù rẹ̀, kí ó má sì da epo náà sínú gọ́tà, nítorí omi kànga wa ni yóò bà jẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àsíá ẹgbẹ́ òṣèlú, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ó ti di àṣà kí àwọn aṣáájú yín máa pín ọkọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́, kí ìlù máa dún, kí a máa ya àwòrán. A kò bu ọrẹ náà kù. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún kan, mélòó nínú ọkọ̀ wọ̀nyẹn ni ó ṣì ń rìn? Ẹni tí a fún ní ọkọ̀ tí a kò kọ́ ní ìtọ́jú rẹ̀, gbèsè ni a fún un. Ẹ bi àwọn aṣáájú yín pé: epo rẹ̀ ńkọ́, fílítà ńkọ́, ta ni yóò kọ́ ọmọ náà? Ẹgbẹ́ tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè yìí lórí ọkọ̀ kan ni a lè gbà gbọ́ pé yóò tọ́jú ilé ìwòsàn àti ojú ọ̀nà lẹ́yìn tí ó bá ti ṣí wọn tán.

Ẹ̀yin olùkọ́, lọ́wọ́ yín ni ìpìlẹ̀ wà. Ọmọ tí ó bá rí i nínú kíláàsì bí ọṣẹ ṣe ń gbé ìdọ̀tí nínú omi, iṣẹ́ díẹ̀ ni ó kù kí ó mọ ohun tí epo ń ṣe nínú ẹ́ńjìnnì. Kí àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín tí ń yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó ra ọkọ̀ máa ya owó epo ọdún kìíní sọ́tọ̀ nínú ẹ̀yáwó náà, kí wọ́n sì máa wo ìwé tí a kọ ọjọ́ ìpààrọ̀ epo sí, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yin náà ti ń wo ìwé orúkọ ọmọ iléèwé láràárọ̀.

Kò tíjú ẹnikẹ́ni láti ra ohun àlòkù. Bí agbára ẹni bá ti mọ ni à á ṣe é. Ohun ìtìjú ni kí àwọn tí ó kọ́kọ́ lò ó fi ọdún púpọ̀ tọ́jú rẹ̀, kí àwa fi oṣù méjì sọ ọ́ di ìjẹkújẹ irin.