Oríkèé Tí A Kò Bá Yà, Ta Ló Ni Ín?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ irin la gbé dé lónìí. Ẹ̀ka Yorùbá la ṣì wà, a ò tíì sá lọ sí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n àwa àti àwọn ọ̀rẹ́ wa tó ń kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà la jọ ń gbé, a sì ti rí àwòrán ilé iṣẹ́ ńláńlá tí wọ́n ń yà lórí kọ̀ǹpútà. Èrò wa rèé: ẹni tó bá ya irin méjì, tí kò ya oríkèé tó so wọ́n pọ̀, kò tíì parí iṣẹ́.

Sọ́fítíwíà bíi AVEVA E3D àti Smart 3D ni wọ́n fi ń ya ilé iṣẹ́ ìfọpo àti ilé iṣẹ́ kẹ́míkà. Tekla Structures ní tirẹ̀ gbajúmọ̀ fún irin ilé. Nínú àwòrán bẹ́ẹ̀, irin ìdábùú lè jẹ́ ìlà kan lásán tí a fún ní ìwọ̀n. Ó kan òpó, ojú sì rí i bíi pé ó ti lẹ̀ mọ́ ọn. Irúfẹ́ ìlẹ̀mọ́ yìí kò sí lóde ayé. Awo irin pẹlẹbẹ gbọ́dọ̀ wà láàárín, pẹ̀lú bóòtù àti nọ́ọ̀tì, tàbí ojú ibi tí jórinjórin ti jó wọn pọ̀.

Àwọn tó ń fi oríkèé sílẹ̀ ní ìdí tiwọn. Wọ́n ní ó ń gba àkókò, ó ń mú kí kọ̀ǹpútà wúwo, àti pé ẹni tó máa gé irin yóò yà á fúnra rẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. A kò sọ pé kí wọ́n ya gbogbo bóòtù láti ọjọ́ kìíní. Ṣùgbọ́n sọ́fítíwíà yìí lè fi ibi tí páìpù ti ń kọlu irin hàn wá. Ohun tí a kò yà ni kò lè rí. Bí awo irin ńlá kan yóò bá wà ní igun kan, tí a kò fi àyè rẹ̀ sílẹ̀, ẹlòmíràn á gbé páìpù gba ibẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá gbé irin dé orí ilẹ̀ ni aáwọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀: ṣé irin la máa gé ni, àbí páìpù la máa yí? Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Owó nìkan kọ́ ló sì ń bá a lọ. Ní ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 1981, ní hótẹ́ẹ̀lì Hyatt Regency ní Kansas City, Amẹ́ríkà, afárá ìrìn méjì tí wọ́n so rọ̀ sókè gbọ̀ngàn já lu àwọn tó wá ṣe fàájì. Ènìyàn 114 ló kú. Àwọn tó farapa lé ní 200. Nínú àwòrán àkọ́kọ́, ọ̀pá irin gígùn kan náà ló yẹ kó ti òkè wá gbé afárá méjèèjì. Nígbà tó yá, wọ́n pín ọ̀pá náà sí méjì, wọ́n sì wá so afárá ìsàlẹ̀ rọ̀ mọ́ ti òkè. Ẹ fojú inú wo ènìyàn méjì tó dì mọ́ okùn kan. Bí ẹni ìsàlẹ̀ bá fi okùn sílẹ̀, tó di ẹsẹ̀ ẹni òkè mú, ọwọ́ ta ni ìnira ń bọ̀? Bẹ́ẹ̀ ni ẹrù orí nọ́ọ̀tì tó wà lábẹ́ afárá òkè ṣe di ìlọ́po méjì. Ọ̀pá kò já. Ojú oríkèé ló ya, tí nọ́ọ̀tì sì gba inú irin kọjá.

Àwọn olùwádìí rí i pé àwòrán àkọ́kọ́ gan-an kò bá òfin ìkọ́lé ìlú náà mu. Ẹnjiníà gbà pé ẹni tó ń gé irin ni yóò ṣírò oríkèé. Ẹni tó ń gé irin gbà pé ẹnjiníà ti ṣe é. Wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé, iṣẹ́ sì ń lọ. Ẹnjiníà méjì pàdánù ìwé àṣẹ iṣẹ́ wọn ní ìpínlẹ̀ Missouri. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Àwòrán kì í ṣe ìṣirò o. Tekla lè tún awo irin àti bóòtù tò fúnra rẹ̀ bí a bá pààrọ̀ ìwọ̀n irin, ṣùgbọ́n oríkèé tó rẹwà lójú kọ̀ǹpútà lè máà lágbára. Àǹfààní yíyà á ni pé ó hàn sí gbogbo ojú, a sì lè béèrè pé: ta ló ṣírò èyí?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá. A mọ̀ pé ojú ibi tí ọ̀rọ̀ méjì ti pàdé ni ìpajẹ ti ń ṣẹlẹ̀: "jó irin" di "jórin", fáwẹ́lì kan sì bọ́. Irin náà ní gírámà tirẹ̀. Oríkèé kan wà tó ń gba irin láyè láti yí díẹ̀, bí orúnkún; òmíràn wà tó le gbagidi, bí egungun agbárí. Ẹ jẹ́ ká pe ti àkọ́kọ́ ní oríkèé rírọ̀, ká pe èkejì ní oríkèé líle. Jíjó tó kún igun nìkan yàtọ̀ sí jíjó tó wọnú irin já. Bí a bá ń pe méjèèjì ní "jó o pọ̀", báwo ni àṣẹ inú àwòrán yóò ṣe dé ọwọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Bámgbóṣé àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Awóbùlúyì ṣe olóòtú Èdè-Ìperí Yorùbá fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ní Ìbẹ̀jù-Lẹ́kkí, lórí ilẹ̀ Yorùbá, ilé iṣẹ́ ìfọpo Dangote wà, èyí tí wọ́n kọ́ láti máa fọ àgbá epo rọ̀bì 650,000 lójúmọ́. Irin inú irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò níye. Ta ni yóò ṣe èdè-ìperí oríkèé wọn, bí kì í bá ṣe àwa? Ẹ jẹ́ ká lọ jókòó ti àwọn jórinjórin, ká gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè é, ká kọ ọ́ sílẹ̀, ká sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ wa tó ń yàwòrán. Ohun tí kò lórúkọ, tí a kò sì yà, kò ní olówó.