Àwọn Ọ̀rọ̀ Tí Ń Ran Ọ̀rọ̀ Ìṣe Lọ́wọ́ Nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Nígbà tí ọmọ ilé-ìwé bá kọ "He did not went," ẹ̀rín ẹlẹ́yà tàbí pàṣán ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń dá a lóhùn. Ọmọ náà a sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́ títí ẹ̀kọ́ yóò fi parí. Wọn a ní èdè Yorùbá ni ó ṣì í lọ́nà. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Ọjà Akẹ̀sán, níwájú ààfin Aláàfin. Ìyá tí ń ta èlùbọ́ níbẹ̀ a máa wí pé: "Ó ń lọ," "Ó ti lọ," "Ó lè lọ," "Yóò lọ," "Kò lọ." "Lọ" kò yí padà rárá, ọ̀rọ̀ kékeré tí ó ṣáájú rẹ̀ ni ó ru ẹrù náà. Òfin yìí gan-an ni "can," "will," "must" àti "did" ń tẹ̀lé. "Did" ti ru àkókò tí ó kọjá. "Go" kò gbọdọ̀ tún un rù. Àwa olùkọ́ ni a sọ fún ọmọ náà pé ohun tí ó ti kọjá ní láti di "went," òun sì fi àmì rẹ̀ sí ibi méjì. Ìbá ṣe pé Yorùbá ni ó tẹ̀lé, kì bá tí ṣìnà.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò fi ìgbà gbogbo lo "do" báyìí. Nínú Bíbélì wọn ti ọdún 1611, lọ́pọ̀ ibi, "not" a máa tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ìṣe láìsí "do." Ọmọ tí ó bá kà á ní ọjọ́ Ìsinmi, tí ó sì kọ irú rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, kí a jọ̀wọ́ má nà án.

Ibi tí ọ̀nà ti pínyà ni "have" àti "be," tí wọn a máa pa ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀lé wọn dà: "gone," "going." Èyí tí ó sì ta kókó jù ni "Mo ń gbọ́ yín." A máa ń sọ ọ́ di "I am hearing you," bẹ́ẹ̀ "I can hear you" ni Gẹ̀ẹ́sì ń wí. Kí a kọ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lójú pátákó, kí ọmọ fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Yorùbá kò ní gírámà. Ti Samuel Ajayi Crowther ti wà ní títẹ̀ láti ọdún 1852. Nítorí náà a bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wa pé, nígbà ìdánrawò ìkọ́ni wa, kí ẹ gbà wá láàyè láti fi gbólóhùn márùn-ún ti ìyá elélùbọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí.