Ọkọ̀ tí wọ́n gbé sókè àti ṣáàfù tí kì í pẹ́

Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ ọkọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ sí abúlé oko nígbà òjò, tàbí tó ti gba ọ̀nà inú igbó lọ sí Ìbíadé àti Abígí ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, kò ní bá awakọ̀ jà pé ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sókè. Ọkọ̀ tó bá rẹlẹ̀ lójú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ni yóò fi máa gbálẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn awakọ̀ fi ń ki rọ́bà tàbí irin bọ abẹ́ sípíríǹgì, tí àwọn mìíràn sì ń fi sípíríǹgì ọkọ̀ tó tóbi ju tiwọn lọ rọ́pò èyí tó bá ọkọ̀ wá. Ọkọ̀ á ga, á sì gbé èrò méjì níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn, pẹ̀lú àpò gàrí àti agbọ̀n obì nínú búùtù.

Ṣùgbọ́n gíga yìí ní owó tó ń gbà lẹ́yìn. Awakọ̀ ra ṣáàfù tokunbọ̀ lóṣù yìí, nígbà tó máa fi di oṣù tó ń bọ̀, ariwo ti bẹ̀rẹ̀. Mẹkáníìkì ní tokunbọ̀ náà ni kò dáa, kí wọ́n lọ ra òmíràn. Wọ́n ra òmíràn, ìyẹn náà tún lọ. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, ojú ń lọ sára ìyàwó bàbá tàbí aládùúgbò tí kò kí ni láàárọ̀. Ẹni ẹlẹ́ni kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ o. Abẹ́ ọkọ̀ ni kí wọ́n lọ wò.

Ó jọ pé ayé Peugeot 504 ni àṣà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot pọ̀ ní Kaduna, kò sì sí abúlé tí 504 kò wọ̀ nígbà náà. Ẹ̀yìn ni agbára ọkọ̀ náà wà. Èyí tó jẹ́ píkáàpù àti èyí tó ń kó èrò púpọ̀, irin kan gbọọrọ ló so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, inú irin yẹn sì ni ṣáàfù wà. Bí wọ́n bá fi ewé sípíríǹgì kún un kí ó lè ga, ṣáàfù tó wà nínú irin kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Àmọ́ Golf, Primera, Carina àti Mazda 323 tó gba ipò rẹ̀, iwájú ni wọ́n ti ń fà. Lára àwọn wọ̀nyí, ṣáàfù méjì ló jáde láti inú gíáàbọ́ọ̀sì, ọ̀kan sí táyà ọ̀tún, ọ̀kan sí tòsì, ìta gbangba ni wọ́n sì wà. Bí wọ́n bá gbé ara ọkọ̀ sókè, ẹ́ńjìnnì àti gíáàbọ́ọ̀sì á bá a gòkè, táyà á sì wà nílẹ̀ níbi tó wà. Ṣáàfù tó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ gbọọrọ á wá dagun bí àkàbà tí wọ́n gbé ti ògiri.

Orí ṣáàfù tó wà lẹ́bàá táyà ní bọ́ọ̀lù irin kéékèèké mẹ́fà nínú, tó ń jẹ́ kó lè máa yí bí táyà tilẹ̀ kọrí sí apá kan. Alfred Rzeppa, ẹnjiníà ilé iṣẹ́ Ford ní Amẹ́ríkà, ló ṣe irú rẹ̀ jáde ní àwọn ọdún 1920. Iṣẹ́ ọpọlọ ni, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó lè tẹ̀ dé. Bó bá ń fi gbogbo ìgbà tẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, rọ́bà tó bò ó á ya, gírísì á dà nù, iyanrìn á wọlé. Orí kejì tó wà nínú gíáàbọ́ọ̀sì náà ń jìyà, nítorí gíga ń fà á jáde díẹ̀díẹ̀.

Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kì í sọ pé kí wọ́n lọ ra ṣáàfù kó tó fetí sí ọkọ̀. Bó bá ń dún ká-ká-ká nígbà tí wọ́n bá yí sítíárì dópin, orí ìta ni. Bó bá ń gbọ̀n nígbà tí awakọ̀ bá tẹná, tó sì dáwọ́ dúró bó bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, orí inú ni, tàbí dídagun tí ṣáàfù dagun. Bó bá ń hùn lórí ìrìn, tí híhùn náà ń yí padà bí ọkọ̀ bá fì sápá kan, bẹ́líǹgì ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Ẹni tó bá ra ṣáàfù nítorí bẹ́líǹgì ti fi owó rẹ̀ ṣòfò, láti ìgbà tí náírà sì ti já wálẹ̀ lọ́dún 2023, owó ṣáàfù kì í ṣe owó àfiṣeré mọ́.

Ọ̀tọ̀ ni ti rírà. Kí wọ́n tẹ́ èyí tí wọ́n tú àti èyí tí wọ́n fẹ́ rà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí wọ́n wo gígùn wọn, kí wọ́n ka eyín orí méjèèjì. Ṣáàfù ọ̀tún àti tòsì kì í sábà gùn dọ́gba, ti ẹ́ńjìnnì kékeré àti ti ńlá sì lè yàtọ̀ nínú ọkọ̀ kan náà. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé ẹ́ńjìnnì ńlá sínú ọkọ̀ kékeré kí ó lè sáré ní Àgọ́-Ìwòyè gbọ́dọ̀ mọ èyí ju ẹlòmíràn lọ.

Bí wọ́n bá ń so ó, kí wọ́n rí i pé ó wọlé dé ibi tí irin kékeré inú rẹ̀ yóò ti gbá a mú. Nọ́ọ̀tù ńlá àárín táyà sì ń fẹ́ ìwọ̀n, nítorí lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, òun ló di bẹ́líǹgì mú. Ẹni tó fi òòlù lu nọ́ọ̀tù náà, tó ní ó ti tó, ló ń fi táyà sílẹ̀ kó yọ lójú ọ̀nà. Ṣáàfù tó bá sì fà yọ lórí eré lè gé ọwọ́ bíréèkì, ọ́ìlì gíá á dà tán, ọkọ̀ á sì dúró sínú igbó lóru pẹ̀lú èrò mẹ́fà.

Bí ọkọ̀ bá gbọ́dọ̀ ga, àwọn tó ń ṣe é dáadáa lókè òkun máa ń sọ férémù tó gbé ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ díẹ̀, kí ṣáàfù lè tẹ́ gbọọrọ padà. Àwọn wẹ́dà Ìjẹ̀bú-Igbó tó ń tún ọkọ̀ agégẹdú ṣe kò ní kò lè ṣe irú rẹ̀, bí ẹni tó mọ ìwọ̀n bá dúró tì wọ́n. Ẹni tí kò bá rí owó ìyẹn, kó dín gíga náà kù, kó sì dín ẹrù kù. Àwọn VIO àti TRACE náà, bí wọ́n bá ti wo ìwé ọkọ̀ akérò tán, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Rọ́bà tó ya kì í fara pamọ́, gírísì rẹ̀ á ti ta sára táyà nínú lọ́hùn-ún.

Ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìjẹ̀bú àti ti Ogun Waterside kò ṣeé yọ kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ká ní ọ̀nà oko dára ni, ta ni yóò máa ki irin bọ abẹ́ sípíríǹgì? Ṣùgbọ́n ìyá tó ń ná ọjà kò lè dúró de katakata ìjọba. Bó bá wọ ọkọ̀ ní gáréèjì tó gbọ́ ká-ká-ká bí awakọ̀ ṣe ń yí jáde, kó sọ̀ kalẹ̀, kó gba owó rẹ̀ padà, kó wọ òmíràn.