Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Ọ̀rọ̀ Ẹgbẹ́ Shooting Stars

Kò sí ìlú ńlá kan ní òkè Ọya tí àwọn ọmọ Yorùbá tẹ̀dó sí, ìbáà jẹ́ Sábọ̀n Gàrí ní Kánò, ìbáà jẹ́ Jọ́ọ̀sì, Kàdúná tàbí Mínnà, tí ènìyàn kò ní í gbọ́ àríyànjiyàn lórí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Shooting Stars ti ìlú Ìbàdàn, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Súútìn. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà bá borí, oníkálukú a máa rẹ́rìn-ín lọ sí ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá fìdí rẹmi nígbà méjì tàbí mẹ́ta léra wọn, ọ̀rọ̀ a di iṣu ata yán-an-yàn-an. Télọ̀ a pa aṣọ oníbàárà tì, oníṣòwò a gbàgbé iye owó tí ó ti kà, àní ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ pàápàá lè tú ká láìparí, nítorí pé apá kan ní kí wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ, apá kejì sì ní àwọn agbábọ́ọ̀lù ni kí wọ́n kó dànù.

Ìfẹ́ ni ó ń bí irú ìjà bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Fún ẹni tí ó ti fi ilé sílẹ̀ láti ogún ọdún, tí èdè Haúsá ti yọ̀ mọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ju èdè baba wọn lọ, Súútìn jẹ́ ọ̀kan nínú okùn díẹ̀ tí ó ṣì so ó mọ́ ilé. Ohun tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò ni bóyá ohun tí àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà ń béèrè nígbà ìbínú lè wo àrùn tí ó ń ṣe é sàn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Súútìn kì í ṣe ọmọdé nídìí bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yìn ni ó yẹ kí ó wò.

Ilé-iṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ayé àtijọ́ tí a mọ̀ sí WNDC ni ó ni ẹgbẹ́ náà. Nígbà tí ó yá, orúkọ rẹ̀ di IICC, kí ó tó di Shooting Stars tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ń bójú tó. Ní ọdún 1976, òun ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tí ó gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Afíríkà, nígbà tí ó na Tonnerre ti ìlú Yaoundé ní àmì ayò 4 sí 2 nínú àpapọ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì. Ó gba líìgì orílẹ̀-èdè yìí ní 1976, 1980, 1983, 1995 àti 1998. Ní 1992, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dá ife CAF sílẹ̀, òun náà ni ó gbà á, lẹ́yìn tí ó bá Villa ti ilẹ̀ Uganda ta ọ̀mì ní Kampala, tí ó sì fi àmì ayò mẹ́ta sí òdo nà án ní Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ tí ó ní irú ìtàn báyìí kò gbọdọ̀ máa wá ọgbọ́n ní òde nígbà tí ọgbọ́n wà nínú àpò ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ àwọn tí ó yẹ kí wọ́n wọ aṣọ ẹgbẹ́ náà. Àwọn kan gbà pé ọmọ Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ nìkan ni ó yẹ, nítorí pé ẹni tí kò jẹ́ ọmọ onílé kì í mọ ibi tí ilé ń jò. Àwọn mìíràn ní kí wọ́n ná owó rẹpẹtẹ, kí wọ́n lọ ra àwọn tí orúkọ wọn ti dún káàkiri. Ìtàn ẹgbẹ́ náà tako apá méjèèjì. Jọ́ọ̀sì ni Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí dàgbà sí kí ó tó wá kàwé ní Póólì Ìbàdàn, ibẹ̀ ni IICC sì ti rí i. Mudashiru Lawal, tí ó bá orílẹ̀-èdè yìí dé ìdíje ife Afíríkà márùn-ún láti 1976 dé 1984, iṣẹ́ mẹkáníìkì ni ó ń ṣe kí bọ́ọ̀lù tó gbé e ga. Kàdúná ni wọ́n bí Rashidi Yekini sí, níbẹ̀ náà ni ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ aláṣọ UNTL kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí Ìbàdàn. Òun náà ni ó wá gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú ìdíje ife àgbáyé, nígbà tí wọ́n pàdé Bulgaria ní 1994.

Nínú àwọn mẹ́ta yìí, kò sí ẹni tí a fi owó gọbọi rà nítorí orúkọ. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí wọ́n béèrè agbo-ilé baba rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní aṣọ. Ojú ẹni tí ó mọ bọ́ọ̀lù ni ó rí wọn, sùúrù ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kọ́ ni ó sì sọ wọ́n di ńlá. Nígbà tí Nàìjíríà gba ife Afíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1980, tí ó na Algeria ní àmì ayò mẹ́ta sí òdo ní Èkó, Ọdẹ́gbàmí gbá méjì sínú àwọ̀n, Lawal gbá ẹ̀kẹta, Best Ogedegbe ti Súútìn kan náà ni ó sì ṣọ́ ilé. Èyí ni èso sùúrù.

Apá kan tún wà nínú àríyànjiyàn yìí tí ó dá lórí ọjọ́ orí. Àwọn ọ̀dọ́ a máa pariwo pé kí wọ́n lé àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù lọ nítorí pé ẹsẹ̀ wọn ti wúwo. Àwọn àgbà a sì máa dáhùn pé àwọn ọmọ kéékèèké kò ní ìfarabalẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ẹgbẹ́ tí ó kó àgbà nìkan jọ yóò rẹ̀ kí eré tó parí. Èyí tí ó kó ọmọdé nìkan jọ yóò máa gbá bọ́ọ̀lù dáradára títí tí ìdààmú yóò fi dé, nígbà náà ni kò ní í rí ẹni tí yóò fọkàn wọn balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìṣàkóso ni ó tóbi jù, òun sì ni àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ kì í fẹ́ fi ara balẹ̀ jíròrò. Bí ẹgbẹ́ bá ti ń ṣubú, ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ẹnu gbogbo ènìyàn ni pé kí wọ́n lé kóòṣì. Bí a bá lé e tí ẹgbẹ́ tún ṣubú, kí wọ́n lé èyí tí ó rọ́pò rẹ̀. Bí kò bá tún dára, kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀ ká. Ìtàn Súútìn ti dán ọ̀nà méjì wò nínú ọ̀rọ̀ yìí, èrè méjèèjì sì hàn gbangba.

Ní 1977, IICC àti Rangers ti Enugu pàdé nínú ìpele tí ó kángun sí àṣekágbá ìdíje kan náà tí IICC ti gba ife rẹ̀ ní ọdún tí ó ṣáájú. Wọ́n gbá a ní Èkó, wọ́n ta ọ̀mì. Wọ́n tún gbá a ní Kàdúná, wọ́n tún ta ọ̀mì. Wòmí-n-gbá-sí-ọ ni ó yanjú rẹ̀, Rangers sì borí. Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ń gbé Kàdúná nígbà náà kò tíì gbàgbé ọjọ́ yẹn. Ìbànújẹ́ náà pọ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tú ẹgbẹ́ ká. Àwọn agbábọ́ọ̀lù náà padà sí pápá, wọ́n gba ife Challenge ní 1979, wọ́n sì gba líìgì ní 1980.

Ní 1984, Súútìn dé ìdíje àṣekágbá ife àwọn ẹgbẹ́ tí ó gba líìgì ní Afíríkà, wọ́n sì pàdé Zamalek ti ilẹ̀ Íjíbítì. Zamalek borí ní Cairo ní àmì ayò méjì sí òdo, ó sì tún borí ní Èkó ní ẹyọ kan sí òdo. Ẹgbẹ́ tí ó ṣe ipò kejì ní gbogbo Afíríkà kì í ṣe ẹgbẹ́ yẹpẹrẹ. Síbẹ̀, ìbínú gba ìlú kan, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà náà sì tú ẹgbẹ́ ká. Kí ni ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Yekini gba Abẹ́òkúta lọ, ó di ara Abiola Babes, Abiola Babes sì gba ife Challenge ní 1985 àti 1987. Nígbà tí wọ́n tún Súútìn tò padà, ó di 1992 kí ó tó tún fi ọwọ́ kan ife Afíríkà. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹni tí ó bẹ́ orí ti wo orí fífọ́ sàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò dìde dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀rí tí ó súnmọ́ tòsí tún wà. Ní òpin sáà 2017, Súútìn já kúrò ní ìpele kìn-ín-ní. Remo Stars ti Ìkẹ́nẹ́ náà já ní ọdún kan náà. Ní 2021, àwọn méjèèjì jọ padà sí ìpele kìn-ín-ní. Ní 2025, Remo Stars gba líìgì Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn rẹ̀. Ẹni tí ó ń kọ́ wọn nígbà náà, Daniel Ogunmodede, kì í ṣe àlejò tí wọ́n gbé wá ní àná. Ó ti pẹ́ nídìí ẹgbẹ́ náà, wọ́n sì fún un ní àyè láti ṣe àṣìṣe kí ó sì tún un ṣe. Ẹgbẹ́ náà ní ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọdé ti ń kọ́ bọ́ọ̀lù, láti ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ sì ti ń wọlé sínú ẹgbẹ́ àgbà. Òótọ́ ni pé aládàáni ni ó ni ín, tí ti Ìbàdàn sì jẹ́ ti ìjọba. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó sọ pé ohun ìjọba kò gbọdọ̀ ní sùúrù.

Èyí kò túmọ̀ sí pé àwọn tí ń bínú kò ní ẹ̀tọ́. Owó ìlú ni a fi ń bọ́ ẹgbẹ́ náà, ẹni tí ó sì ni owó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí a fi í rà. Akọ́nimọ̀ọ́gbá mìíràn wà tí iṣẹ́ náà ju agbára rẹ̀ lọ, sùúrù kò sì sọ òpè di ọ̀mọ̀ràn. Ohun tí ó burú ni pé kí a máa lé ènìyàn láìjẹ́ pé a ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ ohun tí a ń retí lọ́wọ́ rẹ̀ àti iye àkókò tí ó ní. Ó sì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ kí a lé kóòṣì nítorí àìṣedéédéé tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí owó oṣù kò bá jáde, bí ọkọ̀ tí yóò gbé àwọn agbábọ́ọ̀lù rin ìrìn-àjò ọ̀nà jíjìn bá jẹ́ ẹgẹrẹmìtì, bí ẹni ńlá kan bá ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé kí wọ́n fi ọmọ ọ̀rẹ́ òun sínú ẹgbẹ́, akọ́nimọ̀ọ́gbá wo ni yóò ṣe àṣeyọrí? Bí igi bá wó lu igi, tòkè rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń gbé kúrò.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà fi ohùn kan béèrè. Èkíní ni ìgbìmọ̀ alákòóso tí ìyípadà ìjọba kò ní í gbá dànù, tí àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù ìgbà àtijọ́ yóò wà nínú rẹ̀, tí yóò sì máa ṣe ìṣirò owó fún gbogbo ìlú ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan. Èkejì ni kí akọ́nimọ̀ọ́gbá ní àdéhùn tí ó sọ àkókò àti ojúṣe rẹ̀ ní kedere, kí òun nìkan sì ní àṣẹ lórí ẹni tí yóò wọ pápá. Ẹ̀kẹta ni ìdánwò gbangba fún àwọn ọ̀dọ́ lọ́dọọdún, níbi tí ẹsẹ̀ ọmọ yóò ti gba ẹnu sọ fún un.

Ìhín ni iṣẹ́ kan àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n wà lẹ́yìn odi. Ẹni tí ó wà ní Jọ́ọ̀sì kò lè wọ pápá Lekan Salami ní ọjọ́ eré láti pariwo mọ́ kóòṣì, ariwo tí ó bá sì pa ní Jọ́ọ̀sì kò lè dé etí Adámásingbà. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń rí ohun tí àwọn ará Ìbàdàn kò lè rí. Òun ni ó ń rí ọmọ tí ń fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ilé-ìwé ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Bí Jọ́ọ̀sì ti tọ́ Ọdẹ́gbàmí, tí Kàdúná sì bí Yekini, irú wọn kò tíì tán níbẹ̀. Bí ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá lè yan àgbà méjì tí wọ́n mọ bọ́ọ̀lù, kí wọ́n máa ṣọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì dá owó ọkọ̀ fún un láti lọ ṣe ìdánwò ní Ìbàdàn, wọn yóò ti ṣe ju ohun tí ọgọ́rùn-ún ìpàdé ìbínú lè ṣe lọ. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá nìkan ni kí wọ́n wò o. Ẹnikẹ́ni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá mọ́ ni.

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yóò ṣubú, yóò sì dìde. Bẹ́ẹ̀ ni eré ti rí. Ohun tí kò yẹ ni pé kí ìṣubú ọjọ́ kan mú kí àwọn tí wọ́n jọ fẹ́ràn ohun kan náà di ọ̀tá ara wọn ní ilẹ̀ àjèjì, tàbí kí wọ́n fi ìbínú béèrè ohun tí yóò dun gbogbo wọn lọ́la. Kí wọ́n máa bá ẹgbẹ́ wí nígbà tí ó bá ṣàṣìṣe, kí wọ́n sì béèrè ìṣirò lọ́wọ́ àwọn alákòóso rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí a fi ń bá ọmọ wí, òun náà ni a fi ń fà á mọ́ra.